Àáró Tí Fákọ́ládé Kò San

Fákọ́ládé ará Erúnmu mọ fíìmù ṣe ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ó mọ ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò mọ̀ ọ́n san padà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹni tó bá ní kò mọṣẹ́, èmi pẹ̀lú ẹni náà la ó jọ fà á. Síbẹ̀, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣèré apá ọ̀dọ̀ wa, bí àgbẹ̀ sì ti ń ṣe àáró lóko ni wọ́n ń ṣe é nídìí fíìmù. Lóko, a ó bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà yóò wá bá wa kọ tiwa lọ́la. Nídìí fíìmù, tí o bá wá ṣe ọba fún mi, èmi náà yóò wá ṣe ìránṣẹ́ fún ọ. Oníkálukú á mú aṣọ tirẹ̀ wá, ẹni tó ni fíìmù á dáná. Ohun tó mú kí ọmọ tálákà lè ṣe fíìmù nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tan fíìmù sí i, ọ̀dọ́ ni Fákọ́ládé, òun náà sì ti ń ya tirẹ̀. Tó bá ya ìyá àgbà tí kò ṣeré rí, ńṣe ni omi á máa bọ́ lójú àwọn òǹwòran. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Fíìmù inú gbọ̀ngàn wọlé lọ, kásẹ́ẹ̀tì dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ti lókìkí padà sídìí kòkó, ṣùgbọ́n Fákọ́ládé jókòó, ó kọ́ kámẹ́rà tuntun. Kásẹ́ẹ̀tì náà lọ, síídì dé, àwọn tó ń jí i tà sì sọ ọ̀pọ̀ di ẹdun arinlẹ̀. Fákọ́ládé ò dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí fíìmù wá kó sínú fóònù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá ní Ajíbọ́dẹ ló lọ bá pé kí wọ́n kọ́ òun, bàbá tó ti hewú. Ẹ bá mi kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n tó bá ti kan àáró, ọ̀rọ̀ á yí padà. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pè é síbi iṣẹ́ tiwọn, á ní ibà dá òun dúbúlẹ̀, tàbí kó ní òun ti wà lọ́nà, òun ti dé Adégbayì, tí wọ́n á sì máa gbọ́ igbe ewúrẹ́ ilé rẹ̀ nínú fóònù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀gá ni. Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń bá a wí. Èsì rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti fara hàn nínú fíìmù òun ti gba àáró tirẹ̀, nítorí ìlú ti mọ̀ ọ́n.

Modinat ará Adégbayì ló fara gbá a jù. Òun ló ń ṣe ìyá nínú gbogbo fíìmù Fákọ́ládé láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí òun náà fẹ́ ṣe ẹyọ kan, ó ní kí Fákọ́ládé wá ṣe bàbá. Ọ̀gá wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì ya á. Ó ku ibi tí bàbá yóò ti dárí ji ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn náà ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibẹ̀, kùrukùru bo oko Erúnmu, ó rẹwà lójú Fákọ́ládé. Ó gbé kámẹ́rà, ó wọ inú oko lọ, ó ń ya á sí fíìmù tirẹ̀. Modinat àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró dè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó yá wọn nílé kò gbà kí wọ́n padà wá, ta ni yóò sì ra ìtàn tí kò lópin? Fíìmù náà kò jáde dòní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ olóhun dé lọ́dún tó kọjá.

Fíìmù kan wà tí Fákọ́ládé ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà èwe: ìlú kan tí ogun tú ká, tí gbogbo ará ibẹ̀ padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń gbé fíìmù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò wá wo bó ṣe máa ya ọjọ́ ìpadàbọ̀ yẹn. Tó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn yóò gbé e dé gbogbo ayé. Èrò ni ibẹ̀ ń fẹ́. Fákọ́ládé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Ló bá gba ọ̀nà Adégbayì lọ.

"Modinat, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Bá mi bẹ̀ wọ́n. Tí o bá wá, wọ́n á wá."

Modinat gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó yín, mo máa wò ó tó bá jáde. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá, mi ò sì ní bá yín bẹ ẹnikẹ́ni. Oko yín la ti ń ro látọjọ́ yìí, tiwa ti di igbó."

Nígbà tí ọjọ́ pé, Àbíkẹ́ se ìrẹsì tó lè yó odidi ìlú. Àwọn àlejò láti iléeṣẹ́ náà jókòó sábẹ́ igi. Ẹnikẹ́ni kò yọjú. Fákọ́ládé ní kí Àbíkẹ́ gbé ẹrù lérí, kó jáde láti inú igbó bí ẹni tó ń padà wálé. Ó ya á. Ó ní kó pààrọ̀ aṣọ, kó tún jáde. Ó ya á láti ẹ̀gbẹ́, ó ya á láti ẹ̀yìn. Wọ́n sọ fún mi pé àwòrán náà dára débi pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò dìde dúró. Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́ ti dàgbà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó sórí ẹrù náà.

"Bàbá," ni àlejò náà wí, "obìnrin kan la rí. Ìlú náà dà?"

Fákọ́ládé wo ojú ọ̀nà. Wọ́n dágbére fún un, wọ́n lọ. Títí dòní, inú orí rẹ̀ nìkan ni fíìmù náà wà, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wò ó níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún lẹ́bùn, ẹ kọ́gbọ́n lára Fákọ́ládé. Ẹ̀bùn lè mú èèyàn la ìgbà púpọ̀ já, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹnì kan ṣoṣo di èrò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tí wọ́n bá bá ọ ṣe tìrẹ, dìde lọ bá wọn ṣe tiwọn, kódà bí iṣẹ́ tìrẹ bá ń wù ọ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Bí mo ti fẹ́ràn Fákọ́ládé tó, mi ò gbàdúrà kí ọmọ mi gbẹ̀yìn bíi tirẹ̀.