Ọ̀pá Kejì Inú Píkọ́ọ̀pù Owólabí

Ní ọdún tí àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà bí a ṣe ń tò sí ìlà, Àlàgbà Abraham Owólabí wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Olúfúnṣọ́, mẹkáníìkì kan ní Ore. Píkọ́ọ̀pù náà ti gbó. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á, òjò sì ti sọ ọ̀nà Araromi-Obu, abúlé rẹ̀, di ẹ̀kọ gbígbóná. Kòkó Owólabí wà nínú àpò nílé. Bí kò bá tètè dé Ore, yóò bu, Owólabí ò sì ní rí nǹkan jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀.

"Mo fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà," ni ó wí.

Olúfúnṣọ́ fi àkísà nu ọwọ́. "Àlàgbà, ìjọba ti ti ibodè. Ẹrù òkèèrè ò wọlé mọ́. Níbo ni ẹ fẹ́ kí n ti rí irin rẹ̀?"

"Jíìpù sójà kan kú sẹ́yìn gáréèjì."

"Èyí tó ti di ilé ewúrẹ́?"

"Kí ni ewúrẹ́ fẹ́ fi irin iwájú ṣe?"

Olúfúnṣọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Owólabí padà wá gba mọ́tò rẹ̀, irin ńlá kan ti wà láàárín táyà iwájú, wọ́n kùn ún lọ́dà dúdú. Nínú mọ́tò, ọ̀pá kejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà.

"Níbi tí ẹrẹ̀ bá ti le, ẹ fa eléyìí sẹ́yìn," ni mẹkáníìkì wí. "Ṣùgbọ́n kí gbogbo èrò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ o. Mọ́tò tí táyà mẹ́rin ń fà máa ń ju ìdí. Kí wọ́n dì í mú dáadáa lẹ́yìn, kó má bàa yà wọ igbó."

"Àtobìnrin?"

"Àtobìnrin, Àlàgbà. Ìdí rẹ̀ lágbára."

Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ó sì wa mọ́tò náà délé láì fọwọ́ kan ọ̀pá. Ìjọ aláṣọ funfun tí ó ń lọ wọ́n omi àdúrà sí i, wọ́n lu agogo. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n di kòkó sẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi bo wíńdò ẹ̀yìn, àwọn èrò sì gun orí àpò.

Ní ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn odò, mọ́tò náà rì. Owólabí ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n dì í mú. Ó fa ọ̀pá kejì. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Orin sọ lẹ́yìn, orin ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Àtẹ́wọ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Píkọ́ọ̀pù náà mì, ó gbéra, ó gun òkè.

Owólabí bọ́ sílẹ̀, ó lu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbì. "Halelúyà! Ẹ rí i?"

Ẹrẹ̀ dé àyà àwọn èrò. Jésùtọ́pẹ́, elépo pupa, ń mí hẹlẹ.

"Àlàgbà, irin yìí mà jẹ́ kí mọ́tò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o."

"Ta ní ní kí o gbé e?" Owólabí nawọ́ sí gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́ o. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ mọ́tò yìí láìdáa, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé Ore, ẹrù rẹ̀ á sì wà lórí rẹ̀."

Wọ́n tún gun orí àpò.

Kòkó dé Ore ní gbígbẹ. Láti ìgbà náà, bí àwọn mọ́tò yòókù ti ń sùn sínú ẹrẹ̀, ti Owólabí ń kọjá. Ó fi owó kún owó ọkọ̀, ó ní nítorí ọ̀pá kejì ni. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Elizabeth ìyàwó rẹ̀ a máa tẹ ẹ̀bà fún àwọn èrò kí wọ́n tó gbéra.

"Ìyá Ọláyídé, kí ni gbogbo ẹ̀bà yìí wà fún? Ṣé ẹ̀yin ni ẹ́ńjìnnì?" ni Owólabí bi í.

"Rárá o, Bàbá Ọláyídé."

Òkìkí mọ́tò náà dé etí ọ̀gá sójà. Ó fẹ́ lọ sí Ago Alaye lọ sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ìjọba ti fa orílẹ̀-èdè yọ nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ò sì jẹ́ kó débẹ̀. Ó wá sí Araromi pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

"Bàbá, ìjọba nílò mọ́tò yìí."

Owólabí dọ̀bálẹ̀. "Sà, òun ló ń gbé kòkó wa."

"Kòkó lè dúró."

"Ẹ óò dá a padà, sà?"

Ọ̀gá sójà ti jókòó síwájú. Owólabí sáré tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé ọ̀pá kejì fún un, pé kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n dì í mú.

"Kí sójà bọ́ sínú ẹrẹ̀? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi padà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, mọ́tò ti rì sínú ẹrẹ̀. Ọ̀pá kejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá sójà. Ó ti fà á títí ó fi já.

"Bàbá yìí ti ba mọ́tò jẹ́ kó tó gbé e fún ìjọba! Ẹ mú un!"

Wọ́n fi Owólabí sórí eékún níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kòbókò lọ sókè.

"Ó dára lánàá, sà! Ẹ bi àwọn èrò mi!" Ó wo Jésùtọ́pẹ́, ó wo gbogbo wọn. Olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ sọ̀rọ̀! Mo ní kí ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ sọ bó ṣe máa ń gun òkè!"

Elizabeth kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, kò ba nǹkan kan jẹ́: láti ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ti dé láti Ore, àwa èrò ẹ̀yìn la máa ń tì í."