Àlejò Ìkómọ ní Ajangbadi

Morẹ́nikẹ́ ti pín ìkòkò rẹ̀ fún ará ilé ní Ìṣẹ́yìn. Kò ní ibi tí yóò padà sí.

Ọdún 1987 ni. Ìkómọ ni ó bá nílé Ládépọ̀ ní Ajangbadi.

"Ẹ̀gbọ́n mi láti ilé nìyí," ni Ládépọ̀ yára wí.

Ìyá ìkókó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi! Àṣé ẹ lẹ́wà báyìí, wọ́n wá ń fi yín pamọ́!"

Alàgbà gbé ọmọ lé Morẹ́nikẹ́ lọ́wọ́. "Ìdílé bàbá, kí lẹ ó sọ ọmọ?"

Ọkàn rẹ̀ dà bí òkúta nínú rẹ̀.

"Mofólúwaṣọ́."

"Àmín!"

Lábẹ́ ṣọ́ọ̀lù ọmọ, ó rọra bọ́ òrùka tí Ládépọ̀ fi sí i lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ ní Ìṣẹ́yìn, kí ó tó di ará Èkó.