Ọkọ̀ Ojú Irin Etí Ọ̀sà

Afinimọ̀nà tẹ bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú irin gbọọrọ méjì tó ti inú ọ̀sà jáde wá sínú koríko. Àwọn mẹ́fà tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti Èbúté Ìkòròdú náà dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kó àlejò rìn nìyí.

Ó nawọ́ sí pátákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: Ọ̀NÀ ỌKỌ̀ OJÚ IRIN ÀTIJỌ́.

Bàbá Ajíbóyè, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, tó wa rélùwéè fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ irin náà wò.

"Ọmọ mi, inú omi ni irin yìí wọ̀ lọ. Ṣé ẹja ló ń wọ rélùwéè yín ni?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Afinimọ̀nà yára dá a lóhùn.

"Ìyá tó ń gbé ibí ló sọ fún mi, sà. Wọ́n ní ọkọ̀ ló máa ń gba orí ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà yọ, okùn ńlá léjìká rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o! Ọkọ̀ àtijọ́ yìí tún ti ń jò. Ẹ dákun, ẹ bá mi fà á gòkè lórí irin yìí, ká lè tún un ṣe."

Gbogbo wọn wo ọ̀sà. Ọkọ̀ pákó kan ti gbé imú lé orí irin méjèèjì.

Afinimọ̀nà di pátákó rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á tu.

"Fi sílẹ̀ jàre!" ni Bàbá Ajíbóyè wí. "Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Ó yọ fèrè iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lápò, ó fọn ọ́n kíkankíkan.

"Ẹ kúrò lójú irin o! Ọkọ̀ ń bọ̀!"