Igi Tí Ládépò Kò Rà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ìtàn yìí kò gùn, kò sì dùn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí.

Ní ìlú Ìpẹru, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Agbálùmọ̀. Igi agbálùmọ̀ ńlá kan ló fún un lórúkọ, iwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Ládépò ni igi náà sì wà. Èèyàn gidi ni Ládépò. Kì í jalè, kì í mutí, kì í bá ìyàwó rẹ̀ jà. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò ka ohunkóhun sí, àfi èyí tó bá fowó ara rẹ̀ rà. Bí ẹ bá ta á lọ́rẹ, á yí ẹ̀bùn náà wò lẹ́yìn bóyá iye tí ẹ rà á ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, ló gbin igi náà. Ibi tí wọ́n sin ìwọ́ Ládépò sí nígbà tó wà ní jòjòló ni ìyá yìí ri kóró agbálùmọ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ fi di bàbá arúgbó díẹ̀, igi ti di àgbà pátápátá. Màmá, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, a máa gbé àga sábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń kí i. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá lá èso tán tí wọ́n tu kóró sílẹ̀, Màmá á ṣa á jọ, á fi ewé dì í, á fi ránṣẹ́ sí Ìyá Mosún, obìnrin tó ní ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ igi àti òdòdó tà létí títì.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé aládùúgbò kan kọ́lé sí òdìkejì, ó sì to igi eégún yí ọgbà rẹ̀ ká. Ẹ mọ igi yẹn: á ga fíofío, ewé rẹ̀ á wọ́ dé ilẹ̀ bí agọ̀. Ládépò wò ó, ó jowú. Ó di ọgbà Ìyá Mosún.

“Irú ti ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́, kó ga ju tiẹ̀ lọ.”

“Ó wà, ọ̀gá. Ibo lẹ fẹ́ gbìn ín sí? Agbálùmọ̀ ti gba gbogbo iwájú ilé yín.”

“Ta ló ra agbálùmọ̀ yẹn? Ó kàn hù ni.”

Ìyá Mosún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó igi eégún. Ọlọ́jà kì í bá oníbàárà jiyàn nígbà tí ọwọ́ oníbàárà bá ti wà nínú àpò.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìrẹ́gi dé. Màmá gbọ́ ariwo, ó táràrà jáde, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

“Àdìgún, kí ni igi yìí fi ṣe ọ́?”

“Màmá, ewé rẹ̀ ń da ilẹ̀ rú. Àwọn tí mo rà ń bọ̀.”

“Ṣé wọ́n á ṣíji bò mí?”

“Igi ọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Màmá.”

“Ó dáa. Oòrùn náà, ọ̀ṣọ́ ni.”

Wọ́n gé agbálùmọ̀ lulẹ̀. Àwọn igi eégún dé, wọ́n dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá tó ń retí gómìnà. Òjìji wọn kò tó bo adìẹ. Màmá ń gbé àga tẹ̀ lé òjìji ògiri kiri, títí oòrùn ọ̀sán fi gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá wọlé, ó jókòó sí yàrá. Àwọn tó ń kọjá kò rí ẹni kí mọ́. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi lóko. Ibẹ̀ ṣì ní igi.”

Ọ̀rọ̀ yìí ba Ládépò lẹ́rù. Ó sáré padà sí ọgbà.

“Ìyá Mosún, igi ibòji tó tóbi jù lọ! Iye yòówù kó jẹ́.”

“Ọ̀gá, èyí tó tóbi jù ní ìlú yìí, àwọn oníbúrẹ́dì ti fi yan búrẹ́dì.” Ó na ọwọ́ sí ọmọ igi kan tó wà nínú ọ̀rá dúdú, tí kò ga dé orúnkún. “Èyí ni mo ní. Ọmọ igi yín ni. Màmá ló ń fún mi ní kóró rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Ó dá iye lé e. Ládépò san án, kò ná an. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ọ̀wọ̀ wo agbálùmọ̀.

Ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Màmá fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ewé náà, ibi tó ń jọ̀lọ̀ bí sányán.

“Agbálùmọ̀ ni. Níbo lo ti rí i?”

“Mo rà á ni, Màmá.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “O kú ìnáwó, Àdìgún. Gbìn ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe mọ yìí, èmi ni n ó máa ṣíji bò ó.”

Ó lọ sí oko ní ọ̀sẹ̀ náà. Ibẹ̀ ló kú sí, kí ọmọ igi yẹn tó ga dé ìjókòó àga rẹ̀.

Àwọn igi eégún ń dàgbà dáadáa, a kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ládépò náà ń bẹ. Bí oòrùn bá mú, á gbé kẹ́tùlù jáde, á máa bu omi rin agbálùmọ̀ rẹ̀. Ọlọ́kadà á já àlejò sílẹ̀, á ní, “Ìdí-Agbálùmọ̀ nìyí.” Àlejò á wo òkè, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, agbálùmọ̀ ọ̀hún dà?” Ládépò á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nawọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí a bá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ti san owó rẹ̀ ṣáájú wa. Kò kàn fún wa ní rìsíìtì ni. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ ó rà á padà kí ẹ tó mọ iyì rẹ̀. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.