Awakọ̀ Tí Hendrikje Ń Wá Kiri

Àárọ̀ Sátidé ni. Hendrikje dá nìkan wọ rélùwéè ní Utrecht.

Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ najú.

Ó dé Amersfoort, kò wo ìlú rárá. Ó ń bi àwọn awakọ̀ rélùwéè léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ Wessel?"

Wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ó sùn sí Deventer. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó bi obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú rélùwéè. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìfẹ́ Wessel yìí mà pa yín o! Zwolle ló wà. Àmọ́ kò wakọ̀ mọ́, kọfí ló ń tà ní ibùdókọ̀ níbẹ̀."

Hendrikje ò rẹ́rìn-ín.

Ní Zwolle, ọwọ́ Wessel ń gbọ̀n, kọfí ń dà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Láti oṣù kẹta lọwọ́ mi ti ń ṣe báyìí."

Hendrikje di ọwọ́ náà mú.

"Mo mọ̀. Ọmọ mi ni rélùwéè rẹ gbá lóṣù náà."

Wessel fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Òun ló sáré kọjá lójú irin. Kò sóhun tó o lè ṣe. Mo wá sọ ọ́ fún ẹ fúnra mi."

Wessel jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Hendrikje jókòó tì í.