Àká Onígíláàsì

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìgbọràn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó fẹ́ràn ìyìn ju bó ti yẹ lọ. Bó bá gbálẹ̀, àfi kí ẹnìkan wá wo ilẹ̀ náà. Bó bá se ọbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan tirẹ̀ títí ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò fi sọ pé ó dùn.

Ìbídùn àti Fọláwẹ̀, àbúrò rẹ̀, ní eré kan tí wọ́n jọ máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ irú eré bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Orí ilẹ̀ gbígbóná kan ni wọn yóò ti bá ara wọn, tí kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Wọn yóò kọ́lé, wọn yóò dáko, wọn yóò sì máa wá ọ̀nà tí ebi kò fi ní pa wọ́n. Ẹni tí ebi bá pa kú níbẹ̀ lè padà wá lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n bí ebi bá pa gbogbo ará ìlú kú tán, ìlú náà yóò parẹ́ pátápátá.

Bàbá wọn ló bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Òun ló kọ́ ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀, tó ṣèèṣì kọjú ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ náà kò pa eré náà tì. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá parí iṣẹ́ ilé, wọn yóò wọ ìlú náà, wọn yóò jókòó sínú ilé bàbá, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀. Ìyá wọn a máa kọjá, a ní, "Ẹ bá mi kí onílé o."

Ọ̀gbẹlẹ̀ wá ń bọ̀ nínú eré náà. Bó bá dé, irúgbìn kò ní hù, ẹran ìgbẹ́ yóò sì sá lọ. Oúnjẹ tí èèyàn ti kó pa mọ́ nìkan ni yóò máa jẹ, ooru kì í sì í pẹ́ ba èyí tó bá wà lókè ilẹ̀ jẹ́. Àfi kí wọ́n gbẹ́ àká sábẹ́ ilẹ̀, níbi tó tutù.

Fọláwẹ̀ ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní kékeré. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà eré náà pé àká tó bá tóbi jù, tàbí tí oòrùn bá ń wọ̀, kò ní tutù."

"Kékeré kẹ̀? Ṣé eku la fẹ́ gbẹ́ ihò fún ni? Jẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ wa rí nǹkan wò!"

Ìbídùn gbẹ́ odidi gbọ̀ngàn. Ó fi gíláàsì ṣe òrùlé rẹ̀, kí ẹni tó bá dúró lókè lè máa wo àwọn ìkòkò àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹran gbígbẹ tó tò sísàlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá wòran. "Ìwọ ọmọ yìí! Ààfin lo gbẹ́ yìí, kì í ṣe àká!" Inú Ìbídùn dùn ṣìnkìn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Oòrùn gba ojú gíláàsì wọlé, àká náà sì gbóná bí ààrò. Nígbà tí Ìbídùn sọ̀kalẹ̀, ẹran ti rà, àgbàdo ti bu. Ìkòkò ẹ̀wà díẹ̀ tó wà ní igun tó ṣókùnkùn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ojú tì í. Ó ti ilẹ̀kùn àká, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí mi, ebi ń pa mí o. Kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ kí n wọ àká?"

"Ṣe sùúrù. Mo ṣì ń tò ó ni."

Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí Fọláwẹ̀ inú eré náà ń fi ìdí wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá wọn, àyà rẹ̀ já. Àwọn méjèèjì nìkan ni ará ìlú náà; bí ebi bá pa wọ́n kú, ilé náà lọ nìyẹn, ẹni tó kọ́ ọ kò sì sí mọ́ láti tún un kọ́.

Ó ní, "Fọláwẹ̀, irọ́ ni mo pa. Oúnjẹ ti bàjẹ́. Gíláàsì mi ló fà á."

Fọláwẹ̀ ní, "Ẹ ò sì tètè sọ! Kí ló kù?"

"Ẹ̀wà díẹ̀. Kò lè tó ẹni méjì."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ti òrùlé yẹn wó kí ìyẹn náà tó lọ."

Wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n da erùpẹ̀ bo òkè, wọ́n sì mọ ògiri yí igun náà ká, títí ó fi ku yàrá kótópó kan tí èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè yí ara padà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ tutù. Ìbídùn kó gbogbo ẹ̀wà náà fún àbúrò rẹ̀, kò sì jẹ́ kó bá òun jiyàn. Ebi pa òun fúnra rẹ̀ kú nínú eré náà, gbogbo irinṣẹ́ tó ti kó jọ sì bá a lọ.

Nígbà tí òjò padà rọ̀, Fọláwẹ̀ ṣì wà láàyè, ilé bàbá wọn sì dúró. Ìbídùn tún dé láìní ọkọ́, láìní bàtà.

Fọláwẹ̀ ní, "Àlejò, ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá nílùú wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyá wọn sáré jáde láti ilé ìdáná.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ohun ìwòran. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì kù tí ẹ lè gbà là. Ìyìn àwọn tó wá wòran kò bọ́ ẹnikẹ́ni nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀wà díẹ̀ tí ojú kankan kò rí ló bọ́ Fọláwẹ̀, òun ni kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ méjì náà pàdánù ilé bàbá wọn.