Ohùn Àwọn Olólùfẹ́ Rédíò

"Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, Màámi. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò na makirofóònù sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó tún gèlè ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

"Kò sọ́jọ́ tí mi ò kí ń gbọ́ yín," ló wí. "Àárọ̀ yìí náà, ètò ọmọ mi pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni rédíò wa!"

Ọmọ pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Bí onígbàjámọ̀ tó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni fọkanáísà òdìkejì títì, àfi bíi pé wọ́n jọ ṣèpàdé lé e lórí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Ṣé o ti rí ohùn àwọn olólùfẹ́ wa kó jọ? Wọ́n ti tún ẹ̀rọ tó jóná ṣe o! Lẹ́yìn odidi ọ̀sẹ̀ kan tí a ò sí lórí afẹ́fẹ́, a máa padà lọ́sàn-án yìí. Àárò wa á mà ti sọ àwọn èèyàn o!"

"Ó sọ wọ́n gan-an, sà."

Ó wo rédíò ìyá rẹ̀ lórí pẹpẹ. Àjákù aṣọ ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá ti bu omi tútù wá. "Gbà, mu ún, ọmọ mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ láàárọ̀ yẹn, ohùn rẹ ti fẹ́ há."